Ṣé ká gbà fún ikú ni, àbí ká jẹ́ kí sáyẹ́ǹsì fi ọdún kún ọdún fún wa?

Ìbéèrè_Pọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ tinú ọ̀rọ̀ yìí. Àríyànjiyàn lórí bóyá kí èèyàn gbà fún ikú tàbí kó máa fi sáyẹ́ǹsì lé e sẹ́yìn ti pọ̀ lọ jàra. Apá kan á ní ọlọ́jọ́ ò ní ṣaláì dé, kí kálukú sinmi agbaja. Apá kejì á ní ogbó kò yàtọ̀ sí àìsàn, kò sì sóhun tó ní ká má wá oògùn sí i. Mi ò rí ìṣirò tó ṣeé dì mú lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Mẹ́ta ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi tú. Àkọ́kọ́, tí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, ọdún mélòó gan-an la lè fi kún ẹ̀mí èèyàn? Èkejì, àwọn oògùn tí wọ́n ń pariwo wọn, rapamycin, metformin àtàwọn yòókù, èwo ló ti fìdí múlẹ̀, èwo ló kù díẹ̀ káàtó? Ẹ̀kẹta, àwọn tó ní ká gbà fún ikú, kí ni wọ́n ní ká ṣe gan-an? Kí lẹni tó ti gbà ń ṣe tí ẹni tí kò gbà kì í ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwàásù dá mi lóhùn.

Onísirò:

Ẹ jẹ́ n mú ti àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ìṣirò ṣe.

Ní 1825, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń bá iléeṣẹ́ ìbánigbófò ṣírò, Benjamin Gompertz, kíyè sí i pé ewu kí àgbàlagbà kú láàárín ọdún kan máa ń di ìlọ́po méjì lẹ́yìn iye ọdún kan náà ṣáá. Ìṣirò òde òní fi iye ọdún yẹn sí nǹkan bí 8. Ẹ jẹ́ ká fi ewu ẹni ọgbọ̀n ọdún sí 1 nínú 1,000 lọ́dún, tí kò jìnnà sí bó ṣe rí láwọn orílẹ̀-èdè tí ètò ìlera ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́ni ọdún 38, á di 2 nínú 1,000. Ní 46, 4. Ní 54, 8. Ní 62, 16. Ní 70, 32. Ní 78, 64. Ìṣirò àfojúbù ni o, ewu tòótọ́ lè fi díẹ̀ dín tàbí kó fi díẹ̀ lé, àmọ́ bó ṣe ń gòkè nìyẹn.

Nǹkan méjì jáde níbẹ̀. Tí ewu ẹni ọgbọ̀n ọdún bá lè dúró sójú kan títí, ìdajì èèyàn ni yóò ṣì wà láàyè lẹ́yìn 693 ọdún. Ogbó ló ń pa wá, ìdá kékeré ni ìjàǹbá kó níbẹ̀. Èkejì ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ká ní a rí oògùn tó gé ewu ikú sí ìdajì ní gbogbo ọjọ́ orí, látọ̀dọ̀ ọmọ ọgbọ̀n ọdún dé ọ̀dọ̀ arúgbó. Ọdún 8 péré nìyẹn. Tí ọdún 8 bá kọjá, ewu ti di ìlọ́po méjì, ó sì ti gba gbogbo ohun tí oògùn náà jẹ padà. Abájọ tí àwọn tó ń ṣírò nǹkan wọ̀nyí fi ní tá a bá mú àrùn jẹjẹrẹ kúrò láyé pátápátá lónìí, nǹkan bí ọdún 3 ni ìpíndọ́gba ọjọ́ orí máa fi gùn sí i ní orílẹ̀-èdè bí Amẹ́ríkà. Ẹni tí jẹjẹrẹ ò rí pa, àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ti ń dúró dè é lójú ọ̀nà.

Àyàfi téèyàn bá fọwọ́ kan ọdún 8 yẹn fúnra rẹ̀. Ká ní ogbó falẹ̀ débi pé ọdún 10 ni ewu fi ń di ìlọ́po méjì láti ọgbọ̀n ọdún lọ. Ohun tó ń gba ẹni ọdún 80 ní àádọ́ta ọdún báyìí á wá gba ọdún 62 àti ààbọ̀, ẹni ọdún 92 á sì ní ewu ikú tí ẹni ọgọ́rin ọdún ní lónìí. Kò sí ìwòsàn àrùn kan ṣoṣo tó lè fúnni ní irú èrè yẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá tàn yín. Ní nǹkan bí 1900, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí lágbàáyé ò ju ọdún 32 tàbí díẹ̀ lé lọ. Ó ti ju 70 lọ báyìí. Omi tó mọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìtọ́jú aláboyún ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, torí àwọn ọmọdé ò kú bíi tẹ́lẹ̀ mọ́. Òkè téńté kò fi bẹ́ẹ̀ sún. Jeanne Calment ní ilẹ̀ Faransé kú ní 1997 lẹ́ni ọdún 122. Látìgbà náà, kò tíì sí ẹlòmíì tí ìwé rẹ̀ dá wọn lójú tó pé 120.

Àwọn tó bá fẹ́ ọdún tó dájú kí sáyẹ́ǹsì tó dé, ẹ gbọ́ iye rẹ̀. Richard Doll àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àádọ́ta ọdún, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2004: ẹni tó mu sìgá títí ayé pàdánù nǹkan bí ọdún 10. Ẹni tó jáwọ́ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún gba 3 padà nínú rẹ̀, lẹ́ni àádọ́ta, 6, lẹ́ni ogójì, 9, ẹni tó jáwọ́ lẹ́ni ọgbọ̀n sì gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ padà.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ìdánwò SPRINT, tó jáde ní 2015, kó 9,361 èèyàn jọ. Wọ́n ní kí nọ́ńbà òkè àwọn kan máà ju 140, kí ti àwọn kejì máà tó 120. Ikú láàárín àwọn kejì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín. Dídákú àti ìpalára kíndìnrín sì pọ̀ sí i lára wọn, kẹ́ ẹ máa mọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ 120 yẹn tí wọ́n ń lé e pẹ̀lú ìwọ̀n tí kò tọ́. Nínú SPRINT, aláìsàn á kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀rọ á wọn ìfúnpá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì mú ìpíndọ́gba. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì ní láti wà nílẹ̀, kí ẹ gbé apá sórí tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba, kí aṣọ má sí lábẹ́ ìdè apá. Ìdè tó kéré ju apá lọ máa ń gbé nọ́ńbà sókè lásán. Ọ̀rọ̀ sísọ náà ń gbé e sókè. Ẹni tó fi nọ́ńbà èké lo oògùn dé 120 ló máa dákú ní balùwẹ̀.

Ọmọ-Láàbù:

Onísirò ti là á. Iṣẹ́ àwa tó wà nídìí ẹ̀ ni ká sọ ọdún 8 yẹn di 10 tàbí 12, ó sì ti ṣeé ṣe lára ẹranko. Ní 1993, Cynthia Kenyon àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé bí jíìnì kan ṣoṣo, daf-2, bá yí padà lára aràn kékeré kan tí gígùn rẹ̀ ò ju mílímítà kan lọ, aràn náà á lo ìlọ́po méjì ọjọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò. Kò lò ó lórí ìdùbúlẹ̀ o, ó ń rìn káàkiri ni. Àmọ́ irú aràn yìí ti ní ọ̀nà kan nínú ara rẹ̀ tó fi ń sé ara rẹ̀ mọ́ nígbà ìyàn, ohun tí ìyípadà náà sì fọwọ́ kàn nìyẹn. Ẹranko tí ẹ̀mí rẹ̀ ti gùn tẹ́lẹ̀, bíi tiwa, ti lo púpọ̀ nínú irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí èrè fi ń kéré sí i bá a ṣe ń ti ara aràn bọ́ sára eku, tá a tún ń ti ara eku bọ́ sára ọ̀bọ.

Dídín oúnjẹ kù ló pẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Clive McCay ti fi hàn láti 1935 pé eku ńlá tí wọ́n dín oúnjẹ rẹ̀ kù, tí wọn ò sì jẹ́ kí èròjà tó ń ṣara lóore wọ́n ọn, ń pẹ́ ju èyí tó ń jẹ àjẹyó lọ. Nígbà tó wá kan ọ̀bọ, ọwọ́ méjì gbé ìdánwò náà ní Amẹ́ríkà, èsì wọn sì takora. Àwọn ti Wisconsin ní 2009 ní ó ṣiṣẹ́; àwọn ti National Institute on Aging ní 2012 ní ẹ̀mí ò gùn sí i. Ẹ wo inú àwo kẹ́ ẹ rí i. Oúnjẹ àwọn ọ̀bọ Wisconsin, ṣúgà ló kó ìdá 28.5 nínú 100 rẹ̀. Ti àwọn kejì ò ju 3.9. Àwọn ọ̀bọ Wisconsin tí wọn ò dín oúnjẹ wọn kù sì ń jẹ títí tí wọ́n á fi yó, nígbà tí àwọn kejì ń wọn oúnjẹ fún àwọn tiwọn náà. Ní Wisconsin, ẹni tó dín kù ni wọ́n fi wé ẹni tó ń jẹ àjẹjù ṣúgà. Gbogbo ohun tí èyí fi dá wa lójú ò ju pé àjẹjù ń pani. Irú eku kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá dín oúnjẹ rẹ̀ kù tó ìdá 40, ńṣe ló ń tètè kú.

Ó wá kan rapamycin, tí mo mọ̀ pé òun lẹ fẹ́ gbọ́. Bakitéríà kan nínú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bù ní erékùṣù Rapa Nui ní 1964 ló ń ṣe é. Nínú sẹ́ẹ̀lì wa, purotéènì kan wà tó ń jẹ́ mTOR, ó ń ṣe bí ọ̀gá àwọn bíríkìlà: tó bá rí i pé búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì wà nílẹ̀, á ní kí wọ́n máa mọ ọ́n lọ, tí kò bá sí, á ní kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n kó àlòkù jọ lò. Rapamycin máa ń di mTOR lójú kó lè rò pé nǹkan ti tán. Sẹ́ẹ̀lì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìdọ̀tí inú ara rẹ̀.

Ní 2009, iléeṣẹ́ ìwádìí mẹ́ta lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Interventions Testing Program fi í sínú oúnjẹ eku ní ibi mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó máa bàa jẹ́ pé ààyè kan ṣoṣo ló ti ṣiṣẹ́. Ìṣòro kan dìde níbẹ̀rẹ̀: oògùn náà ń bà jẹ́ nínú oúnjẹ. Kí wọ́n tó rí bí wọ́n ṣe máa fi èèpo tínrín wé e kó lè dé ìfun láìbàjẹ́, àwọn eku tí wọ́n ti kó sílẹ̀ ti di ọmọ 600 ọjọ́, arúgbó pátápátá nínú eku. Wọ́n ní kí wọ́n ṣáà fún wọn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí tí ìdá 90 nínú 100 wọn fi kú fi ìdá 14 ga sí i lára abo, ìdá 9 lára akọ. Ìpẹ́ yẹn gan-an ló jẹ́ ká mọ̀ pé oògùn lè ṣiṣẹ́ tí a bá tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́.

Lára èèyàn wá ńkọ́? Oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí fún àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín wọn láti 1999 ni, kí ara wọn má bàa kọ ẹ̀yà tuntun. Àwọn tó ń lò ó nítorí ogbó sábà máa ń lo mílígíráàmù 5 tàbí 6 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìdí tí wọn kì í fi lò ó lójoojúmọ́ ni pé tó bá ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ láìdẹwọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í dí apá kejì mTOR tó ń bójú tó ìnsúlíìnì lọ́wọ́, ṣúgà á sì gòkè. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ sáwọn tó ń lò ó ni egbò ẹnu, ọ̀rá tó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ojú ọgbẹ́ tí kò tètè san, àti àkóràn tó yẹ kí ara borí fúnra rẹ̀ tó wá ń di ńlá. Grapefruit àti oògùn bíi clarithromycin tàbí ketoconazole máa ń dá ẹ̀dọ̀ dúró kó má lè fọ́ ọ, iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ á wá ga ju ohun tí wọ́n gbé mì lọ fíìfíì. Àwọn kápúsù tí ilé oògùn kan ń fọwọ́ pò fúnra wọn náà tún wà, ásíìdì inú ikùn ń ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́. Nínú ìdánwò PEARL, wọ́n wá rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó yẹ ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lo irú kápúsù bẹ́ẹ̀. Ìṣòro àwọn eku 2009 gan-an náà ni.

Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí metformin. Oògùn àtọ̀gbẹ tó dáa ni. Nínú ètò tí mo sọ yẹn, kò fi ọjọ́ tó ṣeé kà sí kún ti eku. Tí àgbàlagbà bá ń lò ó pẹ̀lú gbígbé irin, iṣan rẹ̀ kì í pọ̀ tó ti ẹni tí kò lò ó. Ìdánwò kan tó jáde ní 2019 fi hàn bẹ́ẹ̀. Tó bá sì pẹ́, ó ń mú fítámì B12 lọ sílẹ̀. Wọ́n ti wéwèé ìdánwò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní TAME fún 3,000 èèyàn tó wà láàárín ọdún 65 sí 79, owó ló dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí oògùn tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ni, kò sí iléeṣẹ́ tó máa jèrè níbẹ̀. Resveratrol, èròjà kan tó wà nínú èso àjàrà, ò ṣe nǹkan kan fún àwọn eku yẹn. Acarbose, oògùn àtọ̀gbẹ míì tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ pariwo rẹ̀, ló wá fi ìdá 22 nínú 100 kún ọjọ́ orí akọ eku àti ìdá 5 péré kún ti abo.

Sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó, tí kò pín mọ́, tó sì kọ̀ tí kò kú, máa ń da nǹkan tó ń mú ara wú sára àwọn tó yí i ká. Láti 2015 ni wọ́n ti ń fi dasatinib, oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, àti quercetin, èròjà kan tó wà nínú èso àti àlùbọ́sà, pa irú wọn lára eku. Nígbà tí wọ́n gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan, UBX0101, sínú orúnkún èèyàn, ó fìdí rẹmi ní 2020. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kan náà ló sì ń ràn wá lọ́wọ́ láti pa ojú ọgbẹ́ dé, nítorí náà pípa gbogbo wọn ò dáa.

Èyí tó lágbára jù tó sì ń bani lẹ́rù jù ni dídá sẹ́ẹ̀lì padà sí ọ̀dọ́. Shinya Yamanaka rí i ní 2006 pé jíìnì mẹ́rin lè sọ sẹ́ẹ̀lì àgbà di ti ọlẹ̀. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Salk Institute dá ọgbọ́n kan sí i lára eku tó ń yára gbó: wọ́n ń bu oògùn tó ń jí jíìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú omi mímu wọn fún ọjọ́ méjì, wọ́n á sì yọ ọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Àwọn eku náà pẹ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá jí jíìnì náà láìdẹwọ́, ẹ̀dọ̀ àti ìfun á gbàgbé iṣẹ́ wọn, eku á kú láàárín ọjọ́ díẹ̀; èyí tí kò kú á hu kókó tó ní irun àti eyín nínú. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, c-Myc, jíìnì jẹjẹrẹ ni.

Ẹ má sì ra àyẹ̀wò tó ń sọ ọjọ́ orí ara yín. Steve Horvath ló kọ́kọ́ gbé èyí tó gbajúmọ̀ jáde ní 2013, ibi 353 lórí DNA ló ń kà. Ó wúlò fún ìwádìí lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan náà tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lè fi ọ̀pọ̀ ọdún yàtọ̀ síra, òtútù lásán sì lè yí irú sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ padà. Ẹni tó ní òun ti dín ọdún mẹ́ta kù nínú oṣù mẹ́fà, àṣìṣe ẹ̀rọ ló ṣeé ṣe kó kà.

Alátakò:

Mi ò ní ká má wo àrùn. Àrùn la ń wò, a kì í wo ikú. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ohun tó ń gùn ni ọ̀dọ́. Ẹ̀rí wo ló wà pé ọdún tí ẹ fẹ́ fi kún un ò ní jẹ́ ọdún orí ibùsùn?

Àyè tí òkú ń fi sílẹ̀ náà ńkọ́? Pierre Azoulay àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí gbajúmọ̀ onímọ̀ bá kú láìtọ́jọ́. Àwọn tó ń bá a kọ̀wé máa ń dákẹ́. Àwọn àjèjì tí wọn ò jẹ́ dá sí ẹ̀ka yẹn nígbà tó wà láyé máa ń wọlé wá, iṣẹ́ wọn sì ń gbajúmọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ lásán nìyẹn o. Ẹ rò ó dé orí ìjọba àti ohun ìní. Ayé náà ò sì ní gbà wá.

Onísirò:

Ọ̀gá Alátakò, ti pé ayé ò ní gbà wá yẹn, ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní ẹnikẹ́ni ò kú mọ́ rárá, tí tọkọtaya kọ̀ọ̀kan sì ń bí ọmọ kan ṣoṣo. Ìran kọ̀ọ̀kan á jẹ́ ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀: 1, ìdajì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ. Tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀ títí láé, kò ní kọjá 2. Iye wa á di ìlọ́po méjì, á sì dúró síbẹ̀. Tí wọ́n bá ń bí méjì-méjì, iye ìran kan ló ń kún un ní gbogbo ìgbà, kò ní dúró. Ọmọ bíbí ló ń pinnu ibi tí iye wa ń lọ, ju ikú lọ.

Ti ìjọba, mo gbà fún yín níbẹ̀. Àmọ́ kí a fi gbèdéke sí ipò rọrùn ju kí a máa retí kí onípò kú.

Ti orí ibùsùn, ẹ jẹ́ kí Ọmọ-Láàbù dáhùn.

Ọmọ-Láàbù:

Lára eku tó ń lo rapamycin, jẹjẹrẹ ń pẹ́ kó tó dé, ọkàn àti iṣan sì ń pẹ́ kó tó rẹ̀ wọ́n. Àwọn nǹkan mìíràn ò yí padà, ojú tó ń ṣú wọn tiẹ̀ le sí i. Nítorí náà, ẹ̀rù tó ń ba Alátakò ò ṣàdédé wá. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka ogbó ni oògùn kan ṣoṣo ń mú. Ìwé tí wọ́n fi ń to ẹ̀ka ogbó lẹ́sẹẹsẹ ka 9 ní 2013. Ní 2023, wọ́n ti kà á di 12.

Nọ́ọ̀sì_Òru:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè, ẹ̀kẹta yín ni tèmi. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó ń lọ, gbígbà fún ikú, iṣẹ́ ni. Ó ní ìwé, ó ní oògùn, ó ní àkókò.

Kí n tó débẹ̀, ẹ gbọ́ èyí, torí kò sí ẹni tó mẹ́nu bà á. Ní 2010, Jennifer Temel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìdánwò kan jáde lórí 151 èèyàn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti tàn ká ara. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni gbogbo wọn ń gbà, àmọ́ wọ́n fi ìtọ́jú amáratuni kún ti ìdajì láti ìbẹ̀rẹ̀: wọ́n ń bá wọn sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, wọ́n ń bá wọn wo ìrora, wọ́n ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ìtọ́jú líle tí àwọn yẹn gbà nígbẹ̀yìn kéré sí ti àwọn yòókù. Oṣù 11.6 ni wọ́n lò, àwọn yòókù lo 8.9. Oògùn jẹjẹrẹ kan tó bá fúnni ní oṣù méjì àti ààbọ̀ á gbowó gọbọi lọ́wọ́ èèyàn.

Ìwé ló kọ́kọ́ ń kọ́. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ẹ má ṣe mí jù." Kò sí dókítà tó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ ní aago méjì òru. Ẹ kọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: títẹ àyà, ẹ̀rọ tó ń báni mí, rọ́bà tí wọ́n fi ń fúnni lóúnjẹ, fífọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín, oògùn àkóràn, gbígbéni lọ sílé ìwòsàn. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni kan ṣoṣo tó máa sọ̀rọ̀ dípò yín, torí ọmọ mẹ́rin tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń sọ ìwé di aláìwúlò. Ọ̀rọ̀ kan tó wúlò gan-an ni "ẹ dán an wò fún ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ tún un gbé yẹ̀ wò." Ó ń jẹ́ kí ara balẹ̀ láti gbé ẹ̀rọ kan wọlé, torí gbogbo èèyàn ti mọ ọjọ́ tí wọ́n máa jókòó lé e lórí.

Títẹ àyà tí ẹ ń wò nínú fíìmù kọ́ ni tòótọ́. Sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 ni wọ́n ń tẹ àyà wọlé, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Egungun ìhà arúgbó ń dá. Nílé ìwòsàn, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n tẹ àyà fún ló ń padà sílé, iye yẹn sì ń lọ sílẹ̀ gan-an fún ẹni tó ti gbó tí àìsàn rẹ̀ sì ti le. Fún ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ ṣàdédé dáwọ́ dúró, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Rọ́bà oúnjẹ fún ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra tán, tí kò lè gbé oúnjẹ mì mọ́: kì í mú ẹ̀mí gùn, kì í sì í dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró, torí itọ́ àti ohun tó ń ti inú bọ̀ sókè ṣì ń gba ọ̀nà òdì. Aláìsàn á máa fà á, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ibùsùn. Síbí kékeré àti sùúrù sàn jù.

Oògùn ìrora ni ibi tí ẹ̀rù ń pọ̀ jù. Ẹni tó ń lo mọ́fíìnì mílígíráàmù 10 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ń lo 60 lójúmọ́. Tí ìrora bá já wọlé láàárín, ìdá kan nínú mẹ́fà ti òòjọ́ ni wọ́n ń fi kún un, ìyẹn 10. Tí wọ́n bá ń fi kún un ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójúmọ́, òòjọ́ fúnra rẹ̀ ló kéré, kí dókítà tún un ṣírò. Láti ọjọ́ kìíní ni oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Èébì sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, inú gbígbẹ kì í lọ. Tí kíndìnrín bá ti ń kú lọ, mọ́fíìnì á máa ṣẹ́ jọ nínú ara: ẹ ó rí i tí apá aláìsàn ń já bí ẹni tí wọ́n ta jí, oorun ò sì ní dá lójú rẹ̀. Oògùn míì ló kàn nígbà yẹn. Àfikún kọ́.

Ní ọjọ́ díẹ̀ tó kẹ́yìn, aláìsàn á kọ oúnjẹ, á kọ omi. Àwọn ẹbí á fẹ́ kí wọ́n fi omi sí i nínú iṣan. Ẹnu gbígbẹ ló sábà ń dà á láàmú, omi inú iṣan kì í sì í mú ẹnu tutù. Kànrìnkàn kékeré orí igi ni wọ́n ń rì bọ omi, wọ́n á fún un dáadáa kó má kán, wọ́n á fi nu ètè, abẹ́ ahọ́n àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní wákàtí méjì-méjì ó pẹ́ tán. Tí ọ̀fun rẹ̀ bá ń hó kùrùkùrù, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹ má ki rọ́bà bọ ọ̀fun láti fa nǹkan jáde. Á tún pọ̀ sí i ni. Mímí rẹ̀ á máa yára, á rọlẹ̀, á dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọn ò sọ èyí fún tẹ́lẹ̀ ló máa pe ọkọ̀ ìlera, tí wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà tí ìwé ní kí wọ́n má tẹ̀.

Ìbéèrè_Pọ̀:

Ẹ ṣeun gan-an, mo rí ohun tí mò ń wá. Méjì kù. Fífi òkú sínú yìnyín títí sáyẹ́ǹsì á fi dé, ṣé nǹkan gidi ni? Ẹni tó bá ti ń lo rapamycin, tó sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ìgbà wo ló yẹ kó dá a dúró?

Onísirò:

Láti January 1967 ni wọ́n ti gbé òkú ọmọ Amẹ́ríkà kan, James Bedford, pamọ́, ó ṣì wà nínú nitrójìn olómi tó tutù tó −196°C. Kì í ṣe yìnyín ni wọ́n ń fẹ́ mọ́ báyìí, torí yìnyín ń gún sẹ́ẹ̀lì ya. Kẹ́míkà ni wọ́n ń tì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kí omi ara lè le bíi gíláàsì. Kẹ́míkà náà ní májèlé, ẹ̀yà ńlá sì ń sán bó ṣe ń tutù sí i. Àwọn ọmọ Yunifásítì Minnesota ti gbé kíndìnrín eku ńlá pamọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ tó tó 100, wọ́n fi èròjà irin kíkéré tí agbára òòfà ń gbóná mú un yọ́ dọ́gba, wọ́n sì fi í sára eku míì, ó ṣiṣẹ́. Ní 2023 ni wọ́n gbé e jáde. Fún ẹ̀yà tí wọ́n ń pààrọ̀, ìròyìn ayọ̀ gidi ni. Ọpọlọ èèyàn yàtọ̀, kò sì tíì sí ẹranko ọlọ́mú kan tí wọ́n gbé odindi rẹ̀ pamọ́ ní irú òtútù yẹn tó jí.

Ọmọ-Láàbù:

Nǹkan bí wákàtí 62 ni ìdajì rapamycin fi ń kúrò lára. Ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀ kí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ tó lọ: wákàtí 310, tó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 13. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ló kéré jù, kí ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà títí ojú ọgbẹ́ á fi pa dé dáadáa. Ẹni tó ń lò ó nítorí kíndìnrín tí wọ́n pààrọ̀ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ dá a dúró rárá. Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á fúnra yín sì dárúkọ rẹ̀ fún oníṣẹ́ abẹ àti fún ẹni tó máa kun yín lóorun, torí kò ní sí nínú ìwé tí ilé ìwòsàn ní lọ́wọ́.